Ojú jí, ara ò jí: Kí ló ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ lójú oorun?

Ní àárọ̀ Sátidé kan, fóònù mi dún kí n tó fọ ẹnu tán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń pè láti Ilé-Ogbó. Kò kí mi, kò béèrè àwọn ọmọ. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé: "Wọ́n ti rí ẹni tó ń tẹ ọmọ yìí mọ́lẹ̀ o. Wọ́n ní Màmá wa ni."

Mo jókòó. Màmá wa ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Òun ló tọ́ ọmọ tí wọ́n ń sọ yìí dàgbà látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣòwò káàkiri. Òun ló ń pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà. Òun ló san owó ìwé mẹ́wàá rẹ̀ nínú èrè epo pupa. Ọmọ náà ti pé ọmọ ogún ọdún báyìí, ó ń múra ìdánwò JAMB. Inú yàrá kan náà lòun àti ìyá àgbà jọ ń sùn. Ẹni tó ń wo nǹkan fún wọn sì ti sọ pé ẹni tó sún mọ́ ọmọ náà jù lọ ló ń gun àyà rẹ̀ lóru.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, mo ti wọkọ̀ dé Ìwó, mo gun ọ̀kadà dé Ilé-Ogbó. Mo bá Màmá nídìí ààrò. Ó ti ro àmàlà, ó sì ti bu ti ọmọ sọ́tọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Abọ́ yẹn wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Màmá ò sunkún. Ó kàn sọ fún mi pé: "Ọmọ mi, ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ yẹn ò jẹ oúnjẹ mi."

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Mo mọ̀ pé nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ó ti ṣe àwọn kan rí. Ẹ jí, ẹ̀ ń wo òrùlé, àmọ́ ẹ ò lè mi ìka. Ó sì ṣeé ṣe kẹ́nìkan ti dárúkọ ẹni tó ń ṣe é fún yín.

OHUN TÍ OJÚ RẸ̀ RÍ

Mo pe ọmọ náà sẹ́yìnkùlé, àwa méjèèjì nìkan. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí gan-an, kó má fi ti ẹni tó wo nǹkan kún un.

"Ùnkù, mi ò purọ́ o," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Mo jí. Mo mọ̀ pé mo jí, torí mò ń wo fèrèsé, mò ń gbọ́ àkùkọ. Àmọ́ ọwọ́ ò gbé, ẹsẹ̀ ò gbé. Mo fẹ́ pariwo, ohùn ò jáde. Ẹnìkan wá wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò rí ojú ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ló bá wá jókòó lé mi láyà. Mi ò lè mí dáadáa mọ́. Mo ní ikú ti dé."

Mo bi í pé, nígbà tó wá tú u sílẹ̀ ńkọ́? Ó ní gbogbo ẹ̀ kàn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yí orí, ẹni àkọ́kọ́ tójú rẹ̀ sì rí ni ìyá àgbà, tó jókòó sórí ẹní, tó ń fa tẹ̀súbáà.

Ẹ ẹ̀ ri pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rù ṣì wà lára ọmọ, àyà rẹ̀ ṣì ń já, ẹni tó kọ́kọ́ rí sì ni ìyá àgbà tó ń mi ètè láìpariwo. Nígbà tẹ́nìkan wá sọ fún un pé "ẹni tó sún mọ́ ẹ jù" ni, ta ló tún máa rò?

Mo sọ fún un pé kò purọ́. Mo sì sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa rí: ó ti ṣe èmi náà. Àkókò ìdánwò ni, nígbà tí mo wà ní pólì. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá kan. Mi ò sùn lóru, mo wá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án. Mo gbọ́ tẹ́nìkan pe orúkọ mi, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, kò sì sẹ́ni tó wọlé. Ara mi dà bí òkúta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo kó kúrò níbẹ̀, mo fọkàn sí i pé ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń gbé ló fẹ́ fi mí ṣe nǹkan. Títí dòní, mi ò bá onítọ̀hún ṣọ̀rẹ́ mọ́. Kò sì mọ ohun tó ṣe fún mi.

OGUN ÒRU, ỌKỌ Ọ̀RUN

Àwọn dókítà ń pè é ní sleep paralysis. Ohun tó túmọ̀ sí ni kí ojú jí kí ara má jí: èèyàn ń bọ̀ láti ojú oorun tàbí ó ń lọ síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ràn, àmọ́ ara ò dá a lóhùn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló sábà máa ń gbà, ó lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Lójú ẹni tó ń ṣe, ó lè dà bíi wákàtí kan.

Àwa náà ti ní orúkọ fún un ká tó gbọ́ ti òyìnbó. Àwọn kan ń pè é ní ogun òru. Àwọn mìíràn ní àjẹ́ ló tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin tó ti wọlé ọkọ, wọ́n lè ní ọkọ ọ̀run ẹ̀ ló ń jowú.

Ní 2007, dókítà méjì tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà níbí, Aina àti Famuyiwa, kọ̀wé lórí ogun òru nínú ìwé ìwádìí kan tó ń jẹ́ Transcultural Psychiatry. Wọ́n ṣàlàyé pé láàrin àwọn Yorùbá, àwọn obìnrin ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ń ṣe, pé wọ́n máa ń gbà pé ìjà ni láàrin ọkọ ayé àti ọkọ ẹ̀mí, tàbí pé wọ́n fún onítọ̀hún ní nǹkan jẹ lójú àlá. Wọ́n sì sọ ohun kan tó ṣe pàtàkì: ohun tí à ń pè ní ogun òru kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Nǹkan bíi mélòó kan tó máa ń dé lóru la kó sábẹ́ orúkọ kan náà, títí kan wárápá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà síbẹ̀.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1989, Ohaeri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà bóyá irú ẹ̀ ti ṣe wọ́n rí. Èèyàn 26 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ nìyẹn o! Ẹ̀rù bà wọ́n gan-an, ohun tí wọ́n sì rò pé ó fà á ò yàtọ̀ sí ti ará ilé: wọ́n ní ọwọ́ ayé ni.

Kárí ayé ńkọ́? Ní 2011, Brian Sharpless àti Jacques Barber kó ìwádìí 35 jọ, gbogbo èèyàn tó wà nínú ẹ̀ lé ní 36,000. Nínú àwọn èèyàn lásán, nǹkan bí èèyàn 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ṣe rí. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó lé ní 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ló dé tó fi pọ̀ láàrin akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé àwọn àjẹ́ fẹ́ràn ọmọ iléèwé ju ẹlòmíì lọ ni? A máa dé bẹ̀.

KÌ Í ṢE ÀWA NÌKAN

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ohun tí wọ́n sì ń sọ fẹ́ẹ̀ẹ́ jọra.

Ní Newfoundland ní Kánádà, wọ́n ní ìyá arúgbó kan ló ń wá jókòó lé èèyàn láyà. Àwọn ará Japan ń pè é ní kanashibari, bí ẹni pé wọ́n fi irin de èèyàn mọ́lẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ní iwin ló ń tẹ ara. Àwọn ará Tọ́kì ń pè é ní karabasan, ohun dúdú tó ń tẹni mọ́lẹ̀. Ní Íjíbítì, ọ̀pọ̀ èèyàn ní àlùjànnú ni. Ọ̀rọ̀ nightmare tí àwọn òyìnbó ń lò fún àlá burúkú gan-an, mare tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹṣin. Ohun kan ni láyé àtijọ́ tí wọ́n gbà pé ó máa ń gun àyà ẹni tó bá sùn. Ní 1781, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Henry Fuseli ya obìnrin kan tó sùn, tí ohun burúkú kékeré kan lóṣòó sórí àyà rẹ̀. Ẹ wá a lórí Google, ẹ ó rí i. Bí ẹ bá fi han ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó máa ní ẹni yẹn ti wọ yàrá òun rí.

Ẹ wo ohun tó wà nínú gbogbo ẹ̀: ara ò gbé, àyà wúwo, ẹnìkan wà nínú yàrá. Ohun mẹ́ta yìí ò yí padà láti Ilé-Ogbó dé Japan. Ohun tó ń yí padà ni ẹni tí wọ́n ní ó ń ṣe é. Kálukú ń dárúkọ ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà á nígbà tó wà ní kékeré.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ỌPỌLỌ

Oorun kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Lóru, ọpọlọ máa ń gba ìpele mélòó kan kọjá, á tún padà bẹ̀rẹ̀. Ìyípo kan máa ń gba nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Ní 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago kọ̀wé lórí ìpele kan tí ẹyinjú ẹni tó sùn máa ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ìpele yìí ni wọ́n ń pè ní REM. Ibẹ̀ ni àlá tó dà bíi fíìmù ti máa ń wáyé jù, bí ilẹ̀ bá sì ṣe ń sún mọ́ àtimọ́ ló ṣe máa ń gùn sí i.

Lẹ́yìn náà, Michel Jouvet, onímọ̀ ará Faransé ní ìlú Lyon, fi ológbò ṣèwádìí. Ó rí i pé bí ológbò bá dé ìpele yìí, gbogbo iṣan ara rẹ̀ á dẹ̀. Ó wá ba ibì kékeré kan jẹ́ nísàlẹ̀ ọpọlọ àwọn kan nínú wọn. Ńṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lójú oorun, tí wọ́n ń lépa ohun tí kò sí níbẹ̀, tí wọ́n ń bá a jà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé wọn. Bí a bá ń lálàá pé à ń sáré, ọpọlọ ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹsẹ̀ bá gbọ́, a máa fi orí sọ ògiri. Torí náà, ọpọlọ fúnra rẹ̀ máa ń ti ara pa kó tó bẹ̀rẹ̀ àlá. Ẹ wò ó bíi mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sáré, àmọ́ tí wọn ò kó sí jíà. Bó ti wù kó pariwo tó, táyà ò ní yí. Ní 2012, Patricia Brooks àti John Peever ní Yunifásítì Toronto fi èkúté hàn pé èròjà méjì tí ọpọlọ ń lò, GABA àti glycine, ló jọ ń pa iṣan lẹ́nu mọ́ nígbà yẹn.

Ní ọ̀pọ̀ òru, ìgbà tí a bá jí ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún ara. Àmọ́ nígbà míì, ọkàn á ti jí, kọ́kọ́rọ́ á ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Sleep paralysis nìyẹn. Ojú wà lára ohun tí wọn kì í tì, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń rí yàrá.

Ti àyà tó wúwo ńkọ́? Iṣan ńlá tó pààlà láàrin àyà àti ikùn ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, òun ló ń bá wa mí. Ṣùgbọ́n àwọn iṣan tó wà láàrin egungun ìhà ti dẹ̀. Bí ẹ̀rù bá wá bà ọ́, tó o fẹ́ mí kanlẹ̀, àyà ò ní dá ọ lóhùn. Ọpọlọ mọ̀ pé òun pàṣẹ, kò sì rí èsì. Ohun tó máa rò ni pé nǹkan kan ló wà lórí àyà. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde.

TA WÁ LÓ WÀ NÍNÚ YÀRÁ?

Ibi tó le jù nìyí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dárúkọ èèyàn.

Ohun méjì ló pàdé. Àkọ́kọ́ ni pé àlá ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán. Ojú ń rí yàrá gidi, àlá sì ń fi tiẹ̀ kún un. Ìkejì ni pé ara ti dè, apá ibi tó ń ṣọ́ ewu nínú ọpọlọ sì ti dìde. Ó ń wá ọ̀tá. Nínú òkùnkùn, aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sára ìṣó tó fún un láti fi ṣe èèyàn.

Ìwádìí kan wà tó jẹ́ kí èyí yé mi. Ní 2006, Olaf Blanke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland ń yẹ ọpọlọ obìnrin kan wò nítorí wárápá. Nígbà tí wọ́n fi iná díẹ̀ kan ibì kan lápá òsì ọpọlọ rẹ̀, obìnrin náà ní ẹnìkan wà lẹ́yìn òun, bí òjìji. Bó bá dùbúlẹ̀, ẹni náà á dùbúlẹ̀. Bó bá jókòó, ẹni náà á jókòó, á sì dì mọ́ ọn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Apá ọpọlọ yẹn ló ń bá wa mọ ibi tí ara wa wà àti ibi tí ó parí sí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dàrú díẹ̀, ara tìrẹ fúnra rẹ lè di ẹlòmíì.

Nítorí náà, ẹni tí ọmọ náà rí lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni ibi tó ti wá.

KÍ LÓ MÁA Ń FÀ Á?

Mo mú bébà, mo ní kí ọmọ náà sọ fún mi bó ṣe ń sùn. Ó ń ka ìwé di aago kan, nígbà míì aago méjì òru, torí ìgbà yẹn ni iná máa ń wà, tí àdúgbò sì máa ń dákẹ́. Ìyá àgbà á jí i láago márùn-ún àbọ̀ fún Sùbúì. Tó bá kírun tán, á padà dùbúlẹ̀, á fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, á sùn di aago méje.

Mo wá bi í pé: aago mélòó ló ń tẹ̀ ẹ́? Ó ronú. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn Sùbúì ni gbogbo ẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ lóru rí. Ẹni tó wo nǹkan ló ní lóru, kò sì sẹ́ni tó já a nírọ́.

Gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ sọ pé ó ń fà á ló wà nínú ìyẹn. Àìsùn tó ló ṣáájú. Ọpọlọ tí kò sùn tó máa ń jẹ ara ní gbèsè REM. Bó bá tún rí oorun, kíákíá ló máa sáré lọ síbẹ̀ láì gba àwọn ìpele tó kù. Oorun tí wọ́n já sí méjì tẹ̀ lé e. Ní 1992, Tomoka Takeuchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan mọ̀ọ́mọ̀ ń jí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n á ní kí wọ́n padà sùn, nǹkan yìí sì ṣe àwọn kan nínú wọn níbẹ̀ nínú yàrá ìwádìí. Fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn náà wà níbẹ̀, ó sì ṣe é ju kéèyàn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ. Kí ẹ wá fi àníyàn kún un. Ẹni tó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì tí kò wọlé, kí ló tún kù?

Ẹ tún wo èyí. Ní 2015, Dan Denis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bi àwọn ìbejì àti ọmọ ìyá 862 léèrè, wọ́n sì rí i pé ó máa ń tẹ̀lé ìdílé. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ó ń ṣe ìyá, ó ń ṣe ọmọ, pé nǹkan burúkú wà nínú ẹbí yẹn, ẹ rántí pé eyín àlàfo náà máa ń tẹ̀lé ìdílé.

Ìdáhùn tí mo fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà nìyẹn. Àwọn ni kì í sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọlọ́dẹ, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ fóònù di aago mẹ́ta òru ní Èkó.

ṢÓ O WÁ Ń SỌ PÉ KÒ SÍ ÀJẸ́ NI?

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí nìyẹn, ó sì mú un gbóná. Mo ní: "Sìstá mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Mi ò wá jà lórí ohun tójú ò rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tójú ọmọ yín rí ò tó ẹ̀rí láti fi pe ẹnikẹ́ni lájẹ̀ẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ìyá tó bí wa."

Ó ní, bó bá jẹ́ ti oorun ni, kí ló dé tó fi máa ń lọ téèyàn bá pe Ọlọ́run? Ìbéèrè tó dáa ni. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí èyí tí kì í lọ. Bí èèyàn ò tiẹ̀ pe ohunkóhun, ó máa tú. Ìkejì, ẹni tó bá ń ka Ayatul Kursiyyu tàbí tó ń pe Jésù nínú ọkàn rẹ̀ ti gbé ọkàn kúrò lára ẹ̀rù. Ìyẹn ń ràn án lọ́wọ́ ní ti gidi. Ẹ máa gbàdúrà yín. Àdúrà ò dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Orúkọ tí wọ́n ń dá fún èèyàn lẹ́yìn àdúrà ló ń dá a sílẹ̀.

Ìgbàgbọ́ sì lè mú un le sí i. Baland Jalal àti Devon Hinton fi àwọn ará Íjíbítì wé àwọn ará Denmark ní 2013. Àwọn ará Íjíbítì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ohun àìrí ló fà á, bẹ̀rù ikú jù, wọ́n sì sọ pé tiwọn máa ń pẹ́ jù. Ẹ ò rí i: téèyàn bá ń bẹ̀rù kó tó sùn, kò ní sùn dáadáa. Tí kò bá sùn dáadáa, ó máa padà wá. Nígbà tó bá tún wá, ẹ̀rù á pọ̀ sí i.

Òfin náà wà níbẹ̀ o. Abala 210 nínú Criminal Code tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fẹ̀sùn àjẹ́ kan èèyàn. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló wà nídìí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó tí wọ́n ti lé jáde nílé ò mọ̀ pé òfin yẹn wà.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE

Bó bá ń ṣe yín lọ́wọ́, ẹ má bá a jà. Bí ẹ bá ṣe ń fẹ́ dìde tipátipá ni ẹ̀rù á ṣe máa pọ̀ sí i. Ní 2016, Jalal kan náà dábàá ohun mẹ́rin. Ẹ sọ fún ara yín pé ohun tí mo mọ̀ ni, oorun ni, ó máa lọ. Ẹ rán ara yín létí pé níwọ̀n bí kò ti lè pani, kò sídìí láti bẹ̀rù. Ẹ gbé ọkàn kúrò lára ohun tó wà nínú yàrá, kẹ́ ẹ gbé e sórí nǹkan kan tó dùn mọ́ yín, ó lè jẹ́ ojú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn tàbí àdúrà. Ẹ wá jẹ́ kí ara dẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti mira. Àwọn míì tó máa ń ṣe sọ pé gbígbìyànjú láti mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo máa ń tú àwọn.

Kó má bàa wá mọ́, ẹ máa sùn tó wákàtí méje, ẹ máa sùn lásìkò kan náà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí ẹ bá jí kírun tàbí gbàdúrà ìdájí, tí oorun ṣì ń kùn yín, ó sàn kẹ́ ẹ tètè sùn lálẹ́ ju kẹ́ ẹ pín oorun sí méjì lọ.

Mo ní màá padà sí ọ̀rọ̀ Aina àti Famuyiwa. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń ṣeni lóru ni èyí. Bí ara èèyàn bá ń gbọ̀n jìgìjìgì lójú oorun, tó bu ahọ́n jẹ, tàbí tó tọ̀ sára, ó lè jẹ́ wárápá. Bí oorun bá ń gbé e lọ lójijì lọ́sàn-án gangan, tàbí tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ nígbà tó bá rẹ́rìn-ín, ó lè jẹ́ àìsàn oorun tí wọ́n ń pè ní narcolepsy. Bó bá ń hanrun gan-an, tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, ìyẹn náà gba àyẹ̀wò. Bí nǹkan yìí bá sì ń ṣe yín lóòrèkóòrè débi tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù ibùsùn, ẹ má jókòó sílé. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀ wà ní UCH n'Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn OAU n'Ifẹ̀, àti ní Arò l'Abẹ́òkúta. Arò kì í ṣe ibi wèrè nìkan, ẹ jọ̀ọ́.

OHUN TÍ MÀMÁ SỌ

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kó gbogbo wọn jọ, mo ṣàlàyé bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí. Ọmọ náà ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi di apá. Màmá ò sọ nǹkan kan títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ó ti ṣe èmi náà rí. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n yín tó kú ni. Ọmọ ò jẹ́ n sùn. Wọ́n ní ìyálé mi ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn kó jáde nílé, ó lọ kú sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Òun ló ń bá mi wẹ ọmọ."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọmọ náà ti ń sùn ní aago mẹ́wàá báyìí, ó ń jí kàwé lẹ́yìn Sùbúì dípò kó padà sùn. Nínú oṣù méjì tó tẹ̀lé e, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní: "Ùnkù, ó wá. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́. Ó lọ." Ó ti ń jẹun Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì sọ pé òun ṣì wí, àmọ́ ó ra aṣọ fún Màmá nígbà Iléyá, Màmá sì gbà á.

Èmi náà ti ń wá nọ́ńbà ẹni tá a jọ gbé yàrá ní pólì. Mo fẹ́ pè é.